Ṣé mo lè lo ẹ̀rọ tó ń lọ kùkùté igi tí wọ́n ti fi wáyà so irin ìdìmú rẹ̀ mọ́lẹ̀?

Ìbéèrè láti ọwọ́ Ọmọ Àgbẹ̀

Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín o. Kùkùté igi méjì wà ní ẹ̀yìnkùlé wa, gbòǹgbò ọ̀kan nínú wọn sì ti ń gbé ilẹ̀ sókè lẹ́bàá ògiri. Mo yá ẹ̀rọ tó ń lọ kùkùté, èyí tó ń lo epo bẹntiróòlù, tó ní wíìlì eléyín níwájú, tí èèyàn ń dúró sẹ́yìn rẹ̀ darí. Ẹni tó yá mi kò fún mi ní ìwé ìtọ́ni. Nígbà tí mo yẹ̀ ẹ́ wò, mo rí i pé wọ́n ti fi wáyà so irin ìdìmú tó wà lára ọwọ́ ẹ̀rọ náà mọ́lẹ̀, débi pé kò lè gbéra mọ́. Ó ní bí àwọn ṣe ń lò ó nìyẹn, nítorí pé bí èèyàn bá dì í mú pẹ́, ọwọ́ á kú. Àbúrò mi sì fẹ́ dúró tì mí láti máa fi ṣọ́bìrì kó èérún igi kúrò. Ṣé kò séwu? Kí ni ó yẹ kí n kọ́kọ́ ṣe?

Èsì láti ọwọ́ Agégi

Àbúrò, má tan ẹ̀rọ náà rárá. Irin tí wọ́n so mọ́lẹ̀ yẹn ni ó yẹ kí ó gbà ọ́ sílẹ̀ nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ bá yọ̀ tàbí tí ẹ̀rọ náà bá já mọ́ ọ lọ́wọ́: lára àwọn kan, bí o bá ti jọ̀wọ́ rẹ̀, ẹ́ńjìnnì á kú; lára àwọn mìíràn, wíìlì ni agbára á kúrò lára rẹ̀. Bí wọ́n bá ti so ó, o lè ṣubú kí ẹ̀rọ náà ṣì máa jẹ lọ. Bí ọwọ́ bá ń ro èèyàn, kí ó dá iṣẹ́ dúró kí ó sinmi ni, kì í ṣe kí ó wá wáyà.

Ní ti àbúrò rẹ, kò ní ohun tí ó ń ṣe níbẹ̀ nígbà tí wíìlì bá ń yí. Mo ti rí òkúta kan tí kò tóbi ju orí àtàǹpàkò mi lọ, tí eyín ẹ̀rọ gbé, tí ó sì lọ fọ́ gíláàsì fèrèsé tó jìnnà sí wa tó mítà 20. Kò sẹ́ni tó rí i nígbà tí ó ń lọ. Ariwo gíláàsì nìkan la gbọ́. Láti ọjọ́ náà, ọwọ́ ni mo fi ń ṣa ilẹ̀ yí kùkùté ká kí n tó bẹ̀rẹ̀: òkúta, ìṣó àti wáyà ọgbà tí igi ti gbé mì. Aṣọ rọ́bà tó ń dí ẹ̀gbẹ́ wíìlì kò gbọdọ̀ ṣàìsí níbẹ̀, kò sì gbọdọ̀ ya.

Nígbà tí o bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, gbé wíìlì sókè kúrò lára igi kí o tó tan ẹ́ńjìnnì. Etí kùkùté ni kí o ti mú un, má ṣe ti àárín. Sọ ọ́ kalẹ̀ ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3, gbá a lọ sí òsì, gbá a lọ sí ọ̀tún, kí o tó tún sọ ọ́ kalẹ̀. Ẹni tó bá ń kánjú tó rì í bọ inú igi lẹ́ẹ̀kan náà ni ẹ̀rọ máa ń ta padà lù.

Èsì láti ọwọ́ Mẹkáníìkì

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n wa tọ̀nà. Ohun kan ni mo fẹ́ fi kún un, nítorí pé òun ló ń gé ìka àwọn tó rò pé àwọn ti pa ẹ̀rọ. Wíìlì yẹn wúwo. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti kú, ó ṣì ń yí fún ìgbà díẹ̀. Ẹ dúró títí wíìlì ó fi dúró pátápátá, tí ẹ ó fi rí eyín rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì yọ wáyà orí púlọ́ọ̀gì kúrò kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, ì báà jẹ́ pé gbòǹgbò tẹ́ẹ́rẹ́ kan péré ni ẹ fẹ́ fà yọ.

Ẹ má ṣe bu epo sí i nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná. Ẹ jẹ́ kí ó tutù, kí ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì epo sílẹ̀, kí ẹ sì sún ẹ̀rọ náà tó mítà 3 kúrò níbi tí ẹ ti bu epo kí ẹ tó tan án.

Èsì láti ọwọ́ Ìyá Ọlọ́gbà

Ọmọ mi, ṣé o mọ ohun tó wà lábẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀? O ní ẹ̀bá ògiri ni. Ibẹ̀ gan-an ni páìpù omi, páìpù gáàsì àti wáyà iná sábà máa ń gbà wọlé. Béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ni wáyà àti páìpù náà, kí o sì rọra fi ọkọ́ tú ilẹ̀ wò.

Jọ̀wọ́, dí etí rẹ pẹ̀lú. Ariwo tó bá ti dé désíbẹ́ẹ̀lì 85 fún wákàtí 8 ti tó ba etí jẹ́, ti ẹ̀rọ yìí sì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọkọ mi fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ nídìí ẹ́ńjìnnì láìdí etí; lónìí, ojú mi ni ó ń wò kí ó tó mọ ohun tí mò ń sọ. Níwọ̀n bí o kò ti ní gbọ́ igbe ẹnikẹ́ni, kí ìwọ àti àbúrò rẹ, tí yóò dúró lókèèrè, fi ẹnu kò lórí àmì ọwọ́ kan tí á túmọ̀ sí pé kí o pa á. Fi awò dáàbò bo ojú, kí o sì wọ bàtà olórí irin àti ṣòkòtò tó nípọn.

Ọmọ Àgbẹ̀ padà wá

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. Mo tú wáyà náà, irin ìdìmú kò sì gbéra: súpíríìǹgì rẹ̀ ti já. Mo tún tú ilẹ̀ bí Ìyá ṣe wí, mo sì bá páìpù omi lábẹ́ gbòǹgbò kejì, kò jìn tó ìgbọ̀nwọ́ kan. Mo ti dá ẹ̀rọ náà padà. Bí wọ́n bá fi súpíríìǹgì tuntun sí i, báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ó ti dára?

Èsì láti ọwọ́ Mẹkáníìkì

Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé e sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí wíìlì má kan nǹkan kan, kí wọ́n tan án, kí ẹ sì dúró lẹ́yìn rẹ̀ kí ẹ jọ̀wọ́ irin náà lójijì. Kí ẹ ṣe é nígbà mẹ́ta. Bí ó bá kùnà lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ má gbà á.

Èsì láti ọwọ́ Agégi

Kùkùté tó wà lórí páìpù yẹn, àáké àti ọkọ́ ni kí o fi mú un, díẹ̀díẹ̀. Má ṣe gbé ẹ̀rọ débẹ̀.