VEX V5: bí a ṣe lè pààrọ̀ bọ́tìnì láì tún kóòdù ìwakọ̀ kọ

Irin_Arìn
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. VEX V5, ohun èlò ìkọ́ rọ́bọ́ọ̀tì, là ń lò, C++ nínú VEXcode tí a fi ń kọ ètò rẹ̀. Nígbà tí a ń to àwọn motor sínú Devices (ibi ìto ẹ̀rọ nínú VEXcode), a so apá rọ́bọ́ọ̀tì mọ́ bọ́tìnì R1 àti R2 níbẹ̀, VEXcode sì bá wa kọ kóòdù ìwakọ̀. Awakọ̀ ti di méjì báyìí. Ọ̀kan fẹ́ apá lórí L1 àti L2, èkejì ní R1 àti R2 ló mọ́ òun lọ́wọ́. Mo kọ ti L1 sínú usercontrol (function tó ń ṣiṣẹ́ nígbà tí awakọ̀ bá ń darí), ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ bí ẹnì kan bá tẹ R1, apá ṣì máa ń gbéra, ó sì máa ń gbọ̀n rìrì. Ṣé ọ̀nà wà láti ya bọ́tìnì sọ́tọ̀ kúrò lára iṣẹ́ tó ń ṣe? Bí script kan bá lè máa kọ ètò bọ́tìnì náà jáde, a ó tún fẹ́ ẹ.

Okùn_Tánná
Ọ̀gá méjì ló ń pàṣẹ fún motor kan. Kóòdù tí VEXcode kọ wà nínú `rc_auto_loop_function_Controller1`, ó sì ń yí po lọ́tọ̀ ní mílísẹ́kọ́ǹdì 20-20. Bí ẹ bá di R1 mú, tirẹ̀ á ní "yí". Tiyín kò rí L1, á ní "dúró". Bí wọ́n ṣe ń já a gbà mọ́ ara wọn lọ́wọ́ ló ń gbọ̀n yẹn.

Ẹ padà sí Devices, ẹ tẹ Controller, ẹ yọ motor kúrò lórí gbogbo bọ́tìnì, kí ẹ yọ drivetrain (àwọn motor tó ń yí táyà) náà kúrò lórí joystick. Ẹ má pa kóòdù yẹn rẹ́ níbi tó wà o, torí VEXcode á tún un kọ. Ẹ tún lè fi `RemoteControlCodeEnabled = false;` sí ìbẹ̀rẹ̀ usercontrol, ṣùgbọ́n yíyọ ọ́ ló dá mi lójú jù. Àwọn tó ń lo Python, `remote_control_code_enabled` ni tiyín; inú function, ẹ kọ́kọ́ kọ `global`, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ ẹ kàn ṣẹ̀dá orúkọ tuntun ni, loop àkọ́kọ́ kò ní gbọ́.

Tí ẹ bá ti yọ drivetrain, ẹ̀yin lẹ máa ka joystick fúnra yín. Axis3 ni òkè-sí-ìsàlẹ̀ tọwọ́ òsì, Axis2 ni tọwọ́ ọ̀tún, láti -100 dé 100. Kóòdù VEXcode máa ń ka ohunkóhun tó wà láàárín -5 àti 5 sí òdo. Bí ẹ bá gbàgbé ìyẹn, motor á máa kùn nígbà tí ọwọ́ kò sí lórí joystick rárá.

Adé_Bọ́tìnì
Okùn_Tánná ti yanjú gbígbọ̀n. Ní ti ìyàsọ́tọ̀, ẹ fi orúkọ iṣẹ́ pe bọ́tìnì. Orúkọ L1 tàbí R1 kò gbọdọ̀ hàn nínú usercontrol rárá. Bí ètò yín bá lè ní ju fáìlì kan lọ, bíi ti VS Code, ẹ kọ èyí sínú `bindings.h`. Bí kò bá lè ní i, ẹ fi sókè main.cpp, lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ṣẹ̀dá Controller1:

```
#define APA_SOKE  Controller1.ButtonR1
#define APA_SALE  Controller1.ButtonR2
#define ENU       Controller1.ButtonA
```

Usercontrol wá rí báyìí (ENU ni ẹnu tí rọ́bọ́ọ̀tì fi ń di nǹkan mú, Piston ló ń ṣí i tó sì ń dé e):

```
bool tele = false, enuTiDi = false;
while (true) {
  if (APA_SOKE.pressing())
    Apa.spin(forward, 80, percent);
  else if (APA_SALE.pressing())
    Apa.spin(reverse, 80, percent);
  else
    Apa.stop(hold);

  bool bayi = ENU.pressing();
  if (bayi && !tele) {
    enuTiDi = !enuTiDi;
    Piston.set(enuTiDi);
  }
  tele = bayi;
  wait(20, msec);
}
```

`tele` yẹn ṣe pàtàkì. Ká ní ẹnì kan di bọ́tìnì mú fún mílísẹ́kọ́ǹdì 200, loop á rí i tó ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá. Láìsí `tele`, ẹnu á ṣí, á dé lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, á sì padà síbi tó wà. Awakọ̀ á ní bọ́tìnì ti bàjẹ́.

Ẹ má lo `.pressed()`, èyí tó ń forúkọ function kan sílẹ̀ láti ṣiṣẹ́ nígbà tí a bá tẹ bọ́tìnì, fún bọ́tìnì tí ẹ fẹ́ máa pààrọ̀. Bí usercontrol bá tún bẹ̀rẹ̀, ó lè forúkọ ara rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, títẹ̀ kan á wá ṣiṣẹ́ méjì.

Okùn_Tánná
Script náà kò le. `bindings.h` nìkan ni kó máa kọ, kó má fọwọ́ kan usercontrol láé. Ẹni tó bá jẹ́ kí script kọ gbogbo rẹ̀ á pàdánù àtúnṣe ọwọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣáá. Awakọ̀ kọ̀ọ̀kan ní fáìlì tirẹ̀, ìlà kan fún iṣẹ́ kan:

```
APA_SOKE,L1
APA_SALE,L2
ENU,A
```

Kí ó tó kọ ohunkóhun, kó yẹ nǹkan mẹ́ta wò. Àkọ́kọ́, ṣé bọ́tìnì náà wà lára 12 tó wà lórí controller: A, B, X, Y, Up, Down, Left, Right, L1, L2, R1, R2? Ìkejì, ṣé iṣẹ́ méjì kò sí lórí bọ́tìnì kan? Ìkẹta, ṣé kò sí iṣẹ́ tí wọ́n gbàgbé? Bí ọ̀kan bá yẹ̀, kó dúró kó sọ ìlà tó jẹ̀bi. Ti ìkejì ló burú jù, torí compiler kò ní sọ nǹkan kan: bọ́tìnì kan á kàn máa gbé apá, á tún máa dé ẹnu. Ẹ má fi àmì ohùn sí orúkọ iṣẹ́ o, lẹ́tà lásán ni.

Irin_Arìn
Ẹ ṣeun gan-an. Gbígbọ̀n ti tán. Ṣé a ó máa compile ní gbogbo ìgbà tí awakọ̀ bá yí padà ni?

Adé_Bọ́tìnì
Rárá o. Slot (àyè tí a ń fi ètò sí) 8 ló wà lórí Brain, ìyẹn kọ̀ǹpútà rọ́bọ́ọ̀tì. Ẹ compile lẹ́ẹ̀mejì, ti awakọ̀ àkọ́kọ́ sí slot 1, ti èkejì sí slot 2, kí ẹ sì fún ètò kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tó yàtọ̀ kó lè hàn lójú Brain. Bí ẹ bá tún autonomous (apá tí rọ́bọ́ọ̀tì ń dá ṣe láìsí awakọ̀) ṣe, ẹ rántí gbé e sí slot méjèèjì.