Bíréèkì tí ń rọ̀ bí ó bá gbóná: kí ni kí n kọ́kọ́ tún ṣe?

Òkun o, ẹ̀yin awakọ̀ àti ẹ̀yin ọ̀gá mẹkáníìkì. Kábà ni mo ń gbé, ọkọ̀ tí mo fi ń kó iṣu lọ sí Lọ́kọ́jà sì ń dẹ́rù bà mí gidigidi. Bíréèkì rẹ̀ máa ń mú dáadáa ní òwúrọ̀, ṣùgbọ́n bí mo bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè pẹ̀lú ẹrù, tí mo sì ti tẹ̀ ẹ́ léraléra, yóò rọ̀ títí ẹsẹ̀ mi yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀. Bí ó bá tutù tán, yóò tún le. Páàdì ṣì nípọn, ọ́ìlì kò sì jò.

Ọ́ìlì bíréèkì ni mo fura sí, nítorí pé ó máa ń fa omi mọ́ra: DOT 3 (irú ọ́ìlì bíréèkì kan) tuntun kì í hó kí ó tó dé 205°C, ṣùgbọ́n èyí tí omi ti wọ̀ lè hó ní nǹkan bí 140°C, híhó náà a sì mú kí bíréèkì rọ̀. Bí páàdì nìkan ló gbóná jù, ó yẹ kí bíréèkì ṣì le lábẹ́ ẹsẹ̀.

Mẹkáníìkì mi ní kí n pààrọ̀ másítà bíréèkì (èyí tí ń ti ọ́ìlì lọ sí ẹsẹ̀ ọkọ̀ bí a bá tẹ bíréèkì), owó rẹ̀ sì pọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n kọ́kọ́ fa ọ́ìlì àtijọ́ jáde, kí n rọ DOT 4 sí i, kí a sì lé afẹ́fẹ́ jáde ní ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin? Báwo ni a sì ṣe lè dán másítà náà wò kí n tó náwó?