Kókó: "Ni" tó wà nínú "ìmúnilọ́kàn òṣìṣẹ́"

Ọmọ Olósùnta, Ìkẹ́rẹ́:

Mo kí gbogbo ilé. Ìwé ìlànà kan ń lọ kiri lórí fóònù láti ìjẹta, wọ́n ní àwọn ọ̀gá iléeṣẹ́ ní Adó yóò máa lò ó. Orí kìíní pe ọ̀rọ̀ tó ń lọ láàárín ọ̀gá àti òṣìṣẹ́ ní "ìfitónilétí òṣìṣẹ́". Orí kejì pe ohun tí Òyìnbó ń pè ní engagement, ìyẹn kí òṣìṣẹ́ fi tọkàntara wà nínú iṣẹ́ rẹ̀, ní "ìmúnilọ́kàn òṣìṣẹ́". Akọ̀wé rẹ̀ wà láàárín wa níbí, kó má bínú sí mi.

Ẹ tú u wò. Ì-fi-tó-ni-l'étí. Ì-mú-ni-l'ọ́kàn. Òṣìṣẹ́ ni "ni" tó há sí àárín méjèèjì. Ọ̀gá ló ń fi, ọ̀gá ló ń mú. Òṣìṣẹ́ ò ṣe ju pé kó ní etí, kó ní ọkàn. Ọ̀rọ̀ dé etí, ó tán. Bí ẹ bá fi irú orúkọ bẹ́ẹ̀ lé máníjà lọ́wọ́, ohun tí orúkọ náà wí ló máa ṣe: á lẹ ìwé mọ́ ògiri, á fi ohùn ránṣẹ́ sórí WhatsApp ní aago mẹ́wàá alẹ́, á rí àmì búlúù méjì, á ní wọ́n ti gbà. Àmì búlúù ò ju pé ẹnì kan ṣí i lọ.

William Kahn, tó kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ engagement yìí ṣe ìwádìí ní 1990, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní àgọ́ ìsinmi àti àwọn ayàwòrán ilé ló wò. Ó rí i pé èèyàn fúnra rẹ̀ ló ń gbé ara rẹ̀ wọ inú iṣẹ́, òun náà ló sì ń fà á sẹ́yìn. Nǹkan mẹ́ta ló ń bi ara rẹ̀ kó tó ṣe é: ṣé iṣẹ́ yìí ní láárí, ṣé bí mo bá sọ tinú mi kò ní di wàhálà sí mi lọ́rùn, ṣé mo ní okun rẹ̀ lónìí? Òṣìṣẹ́ ni olùwà gbólóhùn náà. Ọ̀gá ń tún ilẹ̀ ṣe ni. "Ìfọkànsíṣẹ́" ni mo fi lélẹ̀ fún orí kejì, "àjọsọ" fún orí kìíní.

Akọ̀wé Adó:

Ẹ ṣeun tí ẹ ka ìwé mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àkọlé méjì péré lẹ kà tí inú fi bí yín. "Ni" ò pa ẹnikẹ́ni. Ìbánidọ́rẹ̀ẹ́ ní "ni" nínú. Ta ló sọ pé ọ̀dọ̀ ẹnì kan ṣoṣo ni ọ̀rẹ́ ti ń wá? "Mú" náà kì í ṣe ti ọlọ́pàá. Ti "ó mú mi rẹ́rìn-ín" ni, èmi tí mo rín in náà ni mo ni ẹ̀rín.

Ẹ wá wo tiyín. "Fọkàn síṣẹ́!" ni ọ̀gá tí orí ń gbóná ń jágbe mọ́ ọmọ iṣẹ́, ẹ wá sọ igbe di orúkọ. "Àjọsọ" ńkọ́? Bí mo bá gbọ́ ọ, ó ń ṣe mí bí ẹni pé Àjọ kan ló sọ̀rọ̀, tàbí pé àwọn kan ti jọ sọ ọ́ tán kí wọ́n tó wá ṣe ibi.

Mi ò sì ní yọ ìfitónilétí kúrò, torí ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í ṣe àsọgbà. Bí owó oṣù yóò bá pẹ́, ẹ kò ní pe òṣìṣẹ́ jọ kí ẹ bi wọ́n pé kí ni wọ́n rò sí i. Ẹ fi tó wọn létí kí ọjọ́ owó tó pé, kó sì jẹ́ ẹnu ọ̀gá tí wọ́n ń jábọ̀ fún gan-an ni wọ́n ti gbọ́ ọ, kì í ṣe lẹ́nu ẹni tó ń ṣọ́ géètì. Ẹ sọ ohun tí ẹ mọ̀, ohun tí ẹ kò tíì mọ̀, àti ọjọ́ tí ẹ máa padà wá. Bí ọjọ́ náà bá pé tí kò sí ìròyìn tuntun, ẹ padà wá sọ pé kò sí. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà: wọ́n á dákẹ́ de ìgbà tí ọ̀rọ̀ máa fi pé, àhesọ á ti jókòó sípò rẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Ìjerò:

"Ni" lẹ ń jà lé lórí, ẹ ò wo "bá". Ìbánisọ̀rọ̀ ti wà tipẹ́, kí la ń wá kiri? Kìkì pé kí ẹ ṣọ́ ọ, torí "bá" yẹn náà ló wà nínú ìbáwí. Bá a sọ̀rọ̀, bá a wí: ẹ rí i pé ọ̀nà wọn kò jìn síra.

Ìwé yín, orí kẹta, ní kí ọ̀gá sọ fún òṣìṣẹ́ pé "o kì í ka iṣẹ́ sí". Ìyẹn ò tún nǹkan kan ṣe, torí ìwà èèyàn lẹ bú, ẹ ò dárúkọ ohun tó ṣe. Ẹ sọ ohun tí ojú rí: "Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́rú, aago mẹ́jọ kọjá ogójì ìṣẹ́jú lo dé." Ẹ sọ ohun tó fà: "Oníbàárà méjì dúró títí, wọ́n bá tiwọn lọ." Lẹ́yìn náà kí ẹ bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀, kí ẹ sì dákẹ́. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá kì í lè dákẹ́. Wọ́n á béèrè, wọ́n á tún bá a dáhùn. Ní kọ̀rọ̀ ni o, kí ọjọ́ méjì tó kọjá.

Gbangba ni ìyìn yẹ, kó sì dárúkọ iṣẹ́ tí ẹni náà ṣe. "Ẹ kú iṣẹ́ o" tí a wọ́n lé gbogbo èèyàn lórí kò kan ẹnì kankan. Nínú ìbéèrè 12 tí Gallup, iléeṣẹ́ tó ń ṣèwádìí èrò àwọn èèyàn, fi ń yẹ ọkàn òṣìṣẹ́ wò, ọ̀kan ń béèrè bóyá wọ́n yìn ọ́ fún iṣẹ́ rere láàárín ọjọ́ 7 tó kọjá. Ọjọ́ 7, kì í ṣe òpin ọdún pẹ̀lú àpò ìrẹsì.

Ọ̀kan kù. Dírẹ́bà tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, kí máníjà ẹni ọgbọ̀n ọdún má máa pè é ní "ìwọ" torí pé òun ló ń buwọ́ lùwé. Bó bá fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀, àṣẹ rẹ̀ kò dín.

Bàbá Olùkọ́, Ọ̀yẹ́:

Ọdún tí mo fi kọ́ gírámà ju ọjọ́ orí ọ̀pọ̀ nínú yín lọ, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀. Ìfọ̀rọ̀wérọ̀ ni ọ̀rọ̀ tí ẹ ń wá. Fi ọ̀rọ̀ wé ọ̀rọ̀: tìrẹ rèé, tèmi rèé. Kò sí "ni", kò sí "bá", kò sí "mú".

Àwọn àgbà tó ń ṣe àáró kò ní máníjà, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó ń bọ́ sóko ẹnìkejì láìmọ oko ta ló kàn àti iye ebè tí wọ́n máa kọ. Ẹni tó bẹ ọ̀wẹ̀ ló ń wá oúnjẹ, òun ló sì ń kọ́kọ́ kí àwọn tó wá bá a ṣiṣẹ́. Èkìtìparapọ̀ tó ja ogun Kírìjì, tí wọ́n tọwọ́ bọ̀wé àlàáfíà ní 1886, ìwé ìlànà wo ni wọ́n kà? Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Bó bá dénú rẹ̀, á di odidi.

Ọmọ Olósùnta:

Bàbá, ẹ má bínú, àbọ̀ ọ̀rọ̀ yẹn ló ń ba iṣẹ́ jẹ́. Òwe ìkìlọ̀ ni, kì í ṣe ti iṣẹ́ tí a rán ni. "Tètè bá mi tọ́jú àwọn páálí yẹn." Páálí wo? Mélòó? Kí aago mélòó tó lù? Ta ló máa gbà á? Ẹni tó bá máa fi tọmọ jẹ́ iṣẹ́ ẹrú gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ náà. Kí ọ̀gá sọ odidi, kó wá ní "ó yá, sọ bó o ṣe máa ṣe é fún mi". Bó bá bi í pé "ṣé ó yé ọ?", "bẹ́ẹ̀ ni, sà" ló máa gbọ́, àgàgà lẹ́nu ẹni tí kò yé.

Akọ̀wé, ìjókòó ọ̀gá pẹ̀lú òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo, ẹ pè é ní ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Wá-ni-lẹ́nu-wò! Ti oníròyìn nìyẹn, tàbí ti ẹni tó ń wáṣẹ́. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni ìjókòó yìí, lọ́sẹ̀ méjì méjì. Òṣìṣẹ́ ló ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ìdajì àkókò ó kéré tán jẹ́ tirẹ̀. Ọ̀gá á kọ ohun tó bá ṣèlérí sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tó máa dáhùn. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá dí, kó sún un síwájú, kó má fagi lé e. Tó bá fagi lé e lẹ́ẹ̀mejì, òṣìṣẹ́ ti mọ ipò tí ọ̀gá fi òun sí. Ẹni mẹ́wàá lábẹ́ ọ̀gá kan ti di wákàtí márùn-ún lọ́sẹ̀ méjì; bí wọ́n bá pọ̀ jù bẹ́ẹ̀, ẹ wá ẹni tó máa bá a pín wọn. Ẹ wá orúkọ fún un, mi ò tíì rí.

Ará Ẹfọ̀n:

"Wé" tí Bàbá sọ, ṣé èyí tí a ń wé gèlè kọ́? Ohùn kan náà ni wọ́n ní. Àwọn ọ̀gá wà tó ń fọ̀rọ̀ wé ọ̀rọ̀ títí ẹnì kan ò fi ní rí orí tó wà nísàlẹ̀. Àti pé ìwé tí ẹ kọ fún Èkìtì, kí ló dé tó ń sọ "iṣẹ́"? Uṣẹ́ là ń ṣe níbí, ulé là ń gbé.

Bàbá Olùkọ́, Ọ̀yẹ́:

Ọ̀rọ̀ méjì ni "wé" méjèèjì. Ọ̀rọ̀-orúkọ kì í sì fi "u" bẹ̀rẹ̀ nínú Yorùbá àjùmọ̀lò.

Ará Ẹfọ̀n:

Àwọn wo ló jùmọ̀ lò ó?

Akọ̀wé Adó:

Ẹ fi "u" sílẹ̀ ná. Mo ti yí orí kìíní sí ìbánisọ̀rọ̀, ìfitónilétí ti di ìpín kan lábẹ́ rẹ̀. Mo tún "o kì í ka iṣẹ́ sí" ṣe pẹ̀lú, Ìyá Ìbejì ṣeun. Ó ku fọ́ọ̀mù ìbéèrè tí òṣìṣẹ́ máa kọ èrò wọn sí, àti àpótí àbá, lórí kẹrin.

Ìyá Ìbejì, Ìjerò:

Ẹ̀ka tí kò bá tó ẹni márùn-ún, ẹ má yọ èsì tiwọn sọ́tọ̀. Ọ̀gá á mọ ẹni tó kọ ọ́, ọdún tó ń bọ̀ gbogbo wọn á kọ "ó dára". Ẹ má sì béèrè ohun tí ẹ kò lágbára láti yí padà. Fọ́ọ̀mù tí wọ́n kọ tí nǹkan kan ò tẹ̀yìn rẹ̀ yọ burú ju àìbéèrè lọ. Àpótí àbá, ẹ gbé e kúrò lẹ́nu ọ̀nà yàrá ọ̀gá, ta ló fẹ́ ju ìwé sí i lójú rẹ̀? Ẹ máa ṣí i ní ọjọ́ Ẹtì, kí ẹ dáhùn ọ̀kọ̀ọ̀kan ní gbangba: a gbà, tàbí a ò gbà, ìdí rẹ̀ rèé.

Ọmọ Olósùnta:

Gbogbo ìyẹn dáa. Àmọ́ "ìmúnilọ́kàn" ṣì wà lórí kejì, "ni" ṣì wà nínú rẹ̀.

Akọ̀wé Adó:

Ó wà. Ẹ wá òṣìṣẹ́ nínú "ìfọkànsíṣẹ́" fún mi, bí ẹ bá rí i, mo máa yí i.