Ìnṣọ́ránsì ilé nítorí àgbàrá: èwo ni kí n mú?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé tí bàbá mi fi sílẹ̀ ní Ṣágámù ni mò ń gbé. Lọ́dún tó kọjá, àgbàrá wọ pálọ̀ wa débi ìdajì fíríìjì. Ipa ẹrẹ̀ ṣì wà lára ògiri.

Ilé-iṣẹ́ adójútòfò méjì ni mo bá sọ̀rọ̀. Ti àkọ́kọ́ dínwó, àmọ́ iná, àrá àti ìbúgbàù nìkan ló wà nínú ìwé wọn. Ìjì àti omíyalé, owó ọ̀tọ̀ ni. Èkejì kó gbogbo rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n ó wọ́n, èmi ni n ó sì gbé ìdá kan nínú mẹ́wàá òfò yòówù. Wọ́n ní bí mo bá pe ilé ní ìdajì iye rẹ̀, ìdajì òfò ni wọ́n á san. (Àbúrò mi ní kí n kúkú fi owó náà la gọ́tà!)

Ẹni tó ti gbowó omíyalé rí, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ kó hàn wọ́n?