Ibi tí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì JAMB yẹn parí sí
Ẹ ṣeun o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ìbéèrè àbúrò mi tí mo gbé wá, "The principal, as well as the teachers, ___ present", "was" ni ìdáhùn rẹ̀. Ẹ yọ ohun tó wà láàárín kọ́mà méjèèjì kúrò, principal nìkan ló kù. Ká ní "and" ló so wọ́n pọ̀ ni, àwọn tó ń pariwo "were" ì bá jàre. Ti "neither the boys nor their teacher" tó dá ìjà sílẹ̀ ńkọ́? Teacher ló sún mọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe, òun ló ń pàṣẹ: "was" náà ni. Nínú ìdánwò JAMB, ìbéèrè 60 ni Gẹ̀ẹ́sì ní, 40 péré ni iṣẹ́ yòókù kọ̀ọ̀kan ní, ẹ ò rí i pé ìjà náà tọ́! Mo ti ti ìlẹ̀kùn ìjíròrò yìí o. Ẹni tó bá fẹ́ jà lórí "less" àti "fewer", kó ṣí tiẹ̀.