Ìdúródé kọ́ o, ìdúródè ni

Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín. Ẹ̀gbọ́n wa tó ń gbé Sùúrùlérè ní kí á máa pe fífi sùúrù retí àkókò Ọlọ́run nígbà ìdánwò ní "ìdúródé", nítorí pé èèyàn á dúró títí ire á fi dé. Wọ́n sì ti kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú ìwé àdúrà ìjọ wọn.

Ẹ̀gbọ́n, mo dọ̀bálẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò lè gbà. Àmì ohùn òkè kan ṣoṣo tó wà lórí "dé" yẹn ti ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́. Ẹni tó dúró kì í dé, ẹni tó ń bọ̀ ló ń dé. Ọbáléndé tiwa ní Èkó níbí, orúkọ rẹ̀ sọ pé ọba ló lé àwọn èèyàn débẹ̀. Dé ti ẹni tí wọ́n ń lé nìyẹn.

Dè ni ọ̀rọ̀ wa, dè inú "dúró dè mí", inú lúgọ dè, inú ba dè. Ẹ̀gbọ́n ní inú Aísáyà 40:31 lòun ti rí "dé", níbi tí wọ́n ti kọ "dúró de Olúwa". Ohùn ìsàlẹ̀ ló di àárín níbẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀-orúkọ tó tẹ̀ lé e. Ẹ fi arọ́pò-orúkọ sí i, ẹ ó gbọ́ ọ bó ṣe rí gan-an: dúró dè é. Ẹ bi àwọn tó ń jẹ́ Dúródọlá. Bó bá jẹ́ dé ni, Dúródọ́lá ni à bá máa pè wọ́n.

Hábákúkù 2:3 tilẹ̀ kó méjèèjì pọ̀, nípa ìran tó ní ìgbà tí a yàn fún un: bí ó tilẹ̀ pẹ́, dúró dè é, nítorí ní dídé, yóò dé. Dè ni tiwa. Dé, ti ohun tí Ọlọ́run rán ni.

Ìyá ìyá mi ní Ìsàlẹ̀ Èkó kò mọ̀wé. Ọdún 9 ló fi wà nílé ọkọ kó tó bímọ, ojú rẹ̀ rí màbo. Bó bá ń sọ ọ́ fún wa, á ní, "Mo dúró dè é ni, mi ò lé e." Ẹ wá fi dé sínú ọ̀rọ̀ yẹn, ẹ ti gbé iṣẹ́ Ọlọ́run lé obìnrin tí ojú ń pọ́n lọ́rùn. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn.

Ẹni tó sì gbè sẹ́yìn ẹ̀gbọ́n, tó ní òun ti fi 30 ọdún kọ́ni ní Yorùbá, mo bọ̀wọ̀ fún yín sà, àmọ́ iye ọdún kò yí ohùn padà.

  

Ẹ bá mi bẹ ẹ̀gbọ́n, kí wọ́n yí àmì yẹn padà kí ìwé náà tó dé Ṣómólú fún títẹ̀.