Kókó lẹ́yìn orí ọmọ: kí ni wọ́n ń wá nínú scan?

Ìyá Ìbejì, Leeds: Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará. Mo ń tú irun Táyé ní Sátidé, ọwọ́ mi bá kókó méjì lẹ́yìn orí rẹ̀. GP, dókítà àdúgbò wa, ní ká lọ ṣe ultrasound, ìyẹn scan tí wọ́n fi ń wo inú ara. Mi ò rí oorun sùn mọ́.

Bọ̀dá Ṣẹ́gun, London: Ẹ má wo Google lóru o. Èmi wò ó nígbà tèmi, díẹ̀ ló kù kí n máa pín ogún.

Àǹtí Rónkẹ́, Birmingham: Iṣẹ́ mi nìyí. Lymph node ni, kókó kékeré tó ń bá ara gbógun ti àrùn, gbogbo wa la ní in lọ́rùn, lábíyá, lábẹ́ itan. Ibi tí omi ara ti ń ṣàn wá ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò tó bá wú. Ti ẹ̀yìn orí, láti awọ orí ni. Ṣé làpálàpá ò sí lórí rẹ̀?

Ìyá Ìbejì: Ha! Ó ti tó oṣù kan. Òrí ni mo fi ń pa á.

Àǹtí Rónkẹ́: Òrí ò ràn án. Ìpara nìkan kì í wọ ìdí irun, oògùn mímu ni wọ́n sábà máa ń fún ọmọdé. Ẹ sọ fún GP. Lọ́jọ́ scan, ẹ má tíì dirun fún un. Jẹ́ẹ̀lì tútù ni wọ́n á fi pa á, kò ní dùn ún, kò sì ní ìtànṣán bíi X-ray.

Ẹ má jẹ́ kí ìtóbi nìkan dẹ́rù bà yín. Ẹ rántí kíndìnrín ewúrẹ́ tí a là sí méjì: ó gùn díẹ̀, ọ̀rá wà láàárín, ibẹ̀ ni iṣan ẹ̀jẹ̀ ń gbà wọlé. Bí kókó tó dáa ṣe rí nìyẹn, ọ̀rá yẹn á funfun lójú ẹ̀rọ. Tí ìwé èsì bá ní "fatty hilum preserved" (ọ̀rá àárín ṣì wà) tàbí "reactive" (kókó náà kàn ń bá àrùn jà ni), ẹ fọkàn balẹ̀. Èyí tó rí roboto bí àgbálùmọ̀, tí funfun àárín ti pòórá, tí ẹ̀jẹ̀ ń gba ẹ̀gbẹ́ wọ inú rẹ̀, òun ni wọ́n á fi abẹ́rẹ́ fa díẹ̀ lára rẹ̀ lọ yẹ̀ wò. Èyí tó bá sì yọ lókè egungun èjìká iwájú (collarbone), ẹ má dúró rárá.

Bọ̀dá Ṣẹ́gun: Tèmi ò ju 9mm lọ, wọ́n ṣì fa á. Ikọ́ ẹ̀gbẹ ni, mi ò sì húkọ́ rí! Oṣù mẹ́fà ni mo fi lo oògùn. Ẹni tí ìwé ìgbélùú rẹ̀ ò tíì pé, má sá o: ọ̀fẹ́ ni NHS, ètò ìlera ìjọba níbí, ń tọ́jú ikọ́ ẹ̀gbẹ fún gbogbo èèyàn.

Ìyá Ìbejì: Ẹ ṣé gan-an. Àǹtí, Kẹ́hìndé náà ti ń họ orí láàárọ̀ yìí o.

Àǹtí Rónkẹ́: Kóòmù kan náà ni wọ́n ń lò, àbí? Ẹ mú àwọn méjèèjì lọ.